Erùpẹ̀ tí Ìyá Rẹ Gbé Wálé láti Ìgòlò

Ìfànyìn, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀

Àdùfẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọlọ́run ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó jí mi lónìí láìjẹ́ pé mo yẹ, tí ó sì ṣẹ́ agbára díẹ̀ kù sí ọwọ́ ọ̀tún mi tí mo fi di kálámù yìí mú. Ojú mi ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rí ìlà inú ìwé. Orúnkún mi ń dún nígbà tí mo bá ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kúnlẹ̀. Fún èyí tó kù lára mi, ọpẹ́ ni.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti mọ̀ pé ìwé yóò gbé ọ jìnnà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé inú lábò ìwádìí kan ní Kútọnù ni yóò gbé ọ dé, níbi tí o ti ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ nínú àwo gíláàsì, tí o ń bi í léèrè ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń dá a dúró. Iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ni o ń wò. Máa fi ọ̀wọ̀ wò ó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí iṣẹ́ nìkan ni mo ṣe kọ̀wé. O bi mí ní ìbéèrè kan ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, n kò sì dáhùn. O dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ lọ́wọ́, o ní, "Bàbá, n kò ní wọ ilé yìí mọ́ títí ẹ ó fi dá mi lóhùn." Ìdáhùn náà ni mo kọ sínú ìwé yìí. Ó gùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìtìjú kì í gba ọ̀nà tààrà jáde lẹ́nu àgbàlagbà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà sọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. Àwa mẹ́ta la jókòó: ìwọ, èmi, àti àbúrò mi obìnrin, Ìyá Dàágbé, tí ó ń bó ẹ̀pà sínú àtẹ. Òun ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo ìwé tí o kà yìí, ibi ọmọ ni wọ́n ní kí o wá máa ṣọ́?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Òun náà ni, Tàǹtí. Èkejì ọmọ tí ẹ̀yin ń gbẹ́ ilẹ̀ sin."

O wá ṣàlàyé pé láti ara ọmọ ni ibi ọmọ ti hù, kì í ṣe láti ara ìyá, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ti ń sọ̀rọ̀. O ní àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a máa wó ògiri tó wà láàárín wọn palẹ̀, wọn a para pọ̀ di ìpele kan ṣoṣo, ìpele yìí ni ó sì ń ṣe àwọn họ́mọ́ọ̀nù, èyí tí í ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí òmíràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ránṣẹ́ sí ilé ẹyin ìyá pé, "Má dáwọ́ dúró, ọmọ ti dé." Nígbà tó bá yá, òun fúnra rẹ̀ a gba iṣẹ́ náà ṣe, a sì máa ṣe èyí tó ń mú ilé ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí oṣù yóò fi pé.

Àbúrò mi ní, "Ta ló wá ń sọ fún un pé èyí tó ṣe ti tó?"

O ní, "Ohun tí àwa náà ń wá nìyẹn, Tàǹtí. Afẹ́fẹ́ tó ń dé ibẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, oúnjẹ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń rán sí ara wọn náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ara, bí họ́mọ́ọ̀nù bá ti pọ̀ tó, òun fúnra rẹ̀ ló ń padà lọ sọ fún orísun rẹ̀ pé ó tó. Bí ìdààmú bá bá ènìyàn, ọpọlọ á ránṣẹ́, họ́mọ́ọ̀nù ìdààmú á sì jáde. Bí ó bá pọ̀ tó, á padà lọ bá ọpọlọ, ọpọlọ á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ náà ń ṣe irú iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán yẹn. Tí họ́mọ́ọ̀nù ìdààmú ìyá bá dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, kàkà kí ó dákẹ́, ṣe ló ń fi kún un."

"Bí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ẹnubodè Ìgòlò," ni àbúrò mi wí. "O ní ó tó, wọ́n ní kí o mú sí i wá. Ibi ọmọ kò gba ẹ̀kọ́ ilé rárá."

O ní, "Ẹ má bú u, Tàǹtí. Ó ní aṣọ́nà tirẹ̀ tó ń fọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìdààmú ìyá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí oṣù bá sì ti ń pé, iṣẹ́ tó ń rán yẹn gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, a rò pé ó wà lára ohun tó ń mú ìrọbí súnmọ́. Ìbẹ̀rù wa ni pé lára àwọn ìyá mìíràn, ìdààmú tó pọ̀ lápọ̀jù lè mú kí àkókò yẹn yára dé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí obìnrin kan kí ó ní ohun tó ṣe tìrẹ nìyẹn."

Àbúrò mi dáwọ́ ẹ̀pà dúró. Kò wo ìwọ tí ń sọ̀rọ̀. Èmi ló wò. Ìwọ náà sì rí i. O wá béèrè pé, "Bàbá, Màmá sọ fún mi lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀, kí ó tó jáde láyé, pé òun ló fi ọwọ́ ara òun pa ọmọ tó ṣáájú mi. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

Mo mú fìlà mi, mo ní àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi ń dúró dè mí. Bí mo ti ń jáde ni o gbé àpò rẹ, tí o sọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn. Kò sí ẹni tó ń dúró dè mí, Àdùfẹ́. Ìdí igi tó wà lẹ́yìn ilé ìsìn ni mo lọ jókòó sí títí mo fi gbọ́ ìró alùpùpù tó gbé ọ lọ.

Èmi ni mo sọ ọ́ fún un.

Gbọ́ bí ó ti rí. Ní ọdún oyún náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di katekísì, olùkọ́ ìjọ, mo sì fẹ́ kí ilé mi mọ́ ju ti gbogbo ìjọ lọ. Oyún ìyá rẹ ti wọ oṣù kẹfà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Banigbé sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ìmàle ni wọ́n ti bí ìyá rẹ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni ìsọmọlórúkọ náà bọ́ sí. Ó lọ síbẹ̀ kàkà kí ó wá sí ìsìn, ìjọ sì rí àyè rẹ̀ tó ṣófo. Nígbà tó dé, n kò lù ú, n kò pariwo. Mo dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀, tí n kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Ilé ìyá mi ni mo ti ń jẹun. Bí ó bá kúnlẹ̀ kí mi ní òwúrọ̀, mo máa ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé àga ló wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì sọ nínú ara mi pé ẹ̀kọ́ náà ti ń wọlé, nítorí náà mo fi kún un: mo ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn nínú ilé ìsìn. Ìwọ sọ fún wa pé ibì kan wà nínú ara tí ẹkún kì í pa lẹ́nu mọ́, tó jẹ́ pé ẹkún náà ló ń ru ú sókè. Èmi ọkọ ìyá rẹ rí bẹ́ẹ̀. N kò sì ní aṣọ́nà kankan.

Ní oṣù keje, ó lọ sí Ìgòlò ní ọjọ́ ọjà láti ra aṣọ ọmọ. Kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ mi, nítorí ta ni ìbá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kì í dáhùn? Ìrọbí mú un láàárín àwọn alárù àti àwọn tó ń sáré sọdá ẹnubodè. Obìnrin ìmàle kan tó ń ta gàrí, Ìyá Sùbẹ́rù, gbà á sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó bí ọmọkùnrin kan tí kò tóbi ju ọwọ́ mi méjèèjì lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ibi ọmọ náà sí. Wọ́n gbé ìyá àti ọmọ wálé. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà lọ.

Lójú àwọn ẹbí tó wá sin ín, mo la ẹnu mi tí mo fi ń ka ẹ̀kọ́ lójú ìjọ, mo ní, "Obìnrin tí kò gbọ́ràn, tó gbé oyún lọ sí ọjà ẹnubodè, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ọmọ rẹ̀." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá a sọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn. Ẹyin lohùn, mo jẹ́ kí ó bọ́, ó sì fọ́ sí àyà rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀lé e tún burú jù. Ìyá mi ní nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ àjèjì ni ibi ọmọ wà, tí kò sí ní agbo ilé ọkọ, kò sí ọmọ mìíràn tí yóò dúró. Ìwọ mọ iye ìgbà tí mo ti bá àwọn ènìyàn wí ní orí àga ìwàásù nítorí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà ó bá mi lára mu, nítorí ó gbé ẹ̀bi náà jìnnà sí mi. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo pàṣẹ fún ìyá rẹ kí ó padà sí Ìgòlò lọ hú ibi ọmọ náà, kí ó gbé e wálé. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá lára rẹ̀. Ó mú agbọ̀n, ó lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó dé pẹ̀lú erùpẹ̀ tí a dì sínú gèlè funfun. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá, mo sin ín, mo sì gbàdúrà lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni o dé, o sì dúró. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń fi ọ́ jẹ́rìí. Mo ń sọ pé, "A ti ṣi ọwọ́ ṣe é, a sì tún un ṣe, Ọlọ́run sì gbọ́."

Mo fẹ́ kí o mú ẹ̀kọ́ kìíní níbẹ̀, ìwọ tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ wíwá ohun tó fa ohun. O sọ fún wa pé bí ẹ bá kán oògùn sórí sẹ́ẹ̀lì inú àwo kan, ẹ máa ń ní àwo mìíràn tí ẹ kò kán nǹkan sí, kí ẹ lè mọ ohun tí ìbá ti ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Èmi kò ní àwo kejì rí. Mo rí ohun tó ṣáájú, mo rí ohun tó tẹ̀lé e, mo sì so wọ́n pọ̀ bí ó ti wù mí. Ọmọ mi, ohun tó bá tẹ̀lé nǹkan kì í fi dandan jẹ́ ọmọ rẹ̀. Jùlọ, kíyè sí ara rẹ nígbà tí ìdáhùn bá dé tó sì dá ọ láre. Tún un wò lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo ṣe mọ̀ pé irọ́ ni mo fi ń jẹ́rìí nìyí. Lẹ́yìn tí o lọ, mo gun alùpùpù akérò lọ sí Ìgòlò. Ìyá Sùbẹ́rù ṣì wà láàyè. Ó ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ ló ń wọn gàrí báyìí, òun jókòó lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọkọ Sàfúrátù. Ẹ̀yin lẹ rán abiyamọ wá hú ilẹ̀."

Mo ní, "Èmi ni, Ìyá. Mo wá bi yín bí ó ti rí."

"Báwo ni ì bá ti rí? Ó dé, ó ní ẹ ní kí òun wá hú u. Mo ní, ohun tí a ti fi ọ̀wọ̀ sin, ta ni yóò tú u? Ṣé ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé ni? Mo gbá erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi jọ, èyí tí àwọn alárù fi ẹsẹ̀ tẹ̀, mo dì í fún un. Mo ní kó gbé e lọ fún olùkọ́ rẹ̀."

Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń ṣírò gàrí.

"Ó jókòó lórí àpò gàrí mi níbẹ̀ yẹn. Ó ní, 'Ẹ jẹ́ kó gbà á gbọ́, Ìyá, kí n lè sinmi.'"

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi láti ìgbà náà?"

Ó ní, "Ẹ bi mí rí?" Ó wá kọ ojú sí ọmọ rẹ̀. "Fún Bàbá ní omi. Ọ̀nà Ìfànyìn gbóná fún ẹni tó pẹ́ kó tó gbéra."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Erùpẹ̀ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni mo gbàdúrà lé lórí. Ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà, ó ṣe "Àmín", ó sì mọ ohun tó wà nínú ihò náà. Gbogbo ìgbà tí mo fi ọ́ jẹ́rìí, ó jókòó, ó gbọ́, kò tú mi fó. Ohun tó mọ̀ pé irọ́ ni, ó fi í sílẹ̀ fún mi láti máa yangàn. Ohun tí kò mọ̀ pé irọ́ ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìsìnkú, ó gbé e wọ sàréè. Èyí ni mo ń jẹ lẹ́nu láti ìgbà náà, ó sì korò ju ewúro lọ.

N kò ní kí o sọ fún mi bóyá ìdákẹ́ mi ló mú ọmọ náà wá ṣáájú àkókò. O ti ní a kò lè mọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, mo sì gba ọ̀rọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n má fi àìmọ̀ yẹn tù mí nínú. Ohun tí a lè mọ̀ tó mí: kò sí ohun tí ìyá rẹ ṣe tó yẹ kí a fi pè é ní apànìyàn, èmi ni mo sì pè é bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kíyè sí èyí nínú iṣẹ́ rẹ. Ìmọ̀ tí ẹ ń wá nípa ìdààmú àti ibi ọmọ yóò jáde láti lábò lọ́jọ́ kan, yóò sì dé agbo ilé. Bí o bá kàn sọ pé ìdààmú ìyá lè mú ọmọ wá ṣáájú àkókò, àwọn irú mi yóò gbé e bí pàṣán. Wọn yóò ní, "Ṣé o rí i? O sunkún, o pa ọmọ." Ẹni tó ń dá ìdààmú náà sílẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Sọ ọ́ fún ọkọ, sọ ọ́ fún ìyá ọkọ, sọ ọ́ fún katekísì.

Òmíràn tún wà. O ní àwọn ilé ìgbẹ̀bí ló ń fún yín ní ibi ọmọ tí ẹ ń yẹ̀ wò. Má gba ọ̀kan láìjẹ́ pé ìyá tó ni ín gbọ́ ọ ní èdè rẹ̀, kì í ṣe ní Faransé tí yóò kàn mi orí sí. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dáhùn fún un. Bí ó bá ní òun yóò gbé e lọ sílé lọ sin, wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí o sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ lè má jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló ti jáde. Nínú gbogbo ẹbí wa, kò sí ẹni tó bi ìyá rẹ pé kí lo fẹ́.

Ti ilé ọkọ rẹ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní, nítorí n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí púpọ̀. Ẹ máa jà bí ẹ bá fẹ́ jà. Ẹ pariwo, kí aládùúgbò gbọ́, kí ó wá là yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìdákẹ́ jẹ ẹnì kejì níyà nínú ilé yín, kò sí aládùúgbò tó lè gbọ́ ọ. Àwọn ènìyàn yìn mí fún sùúrù ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn.

Àbúrò mi ti sọ fún mi pé o lóyún. Ìwọ kò sọ fún mi, o sì jàre. Àṣà ilé wa ni pé kí bàbá ránṣẹ́ láti béèrè ibi tí ọmọ yóò ti wáyé àti ibi tí wọn yóò sin èkejì rẹ̀ sí. N kò ní béèrè. Kútọnù ni o, ilé ọkọ rẹ ni o, ibikíbi tó bá tù ọ́ lára ni kí ó jẹ́. Bí o bá fẹ́, fi í sílẹ̀ fún lábò.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìkéde, èmi yóò dúró níwájú ìjọ. Ẹbí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìsìnkú náà kò tó ìdajì mọ́, ṣùgbọ́n mo ti ránṣẹ́ sí àwọn tó kù, mo sì ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní Banigbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìmàle, pé kí ó wá jókòó síwájú. Ohun tí mo máa sọ kò pọ̀: "Sàfúrátù aya mi kò pa ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rí tí mo ti ń jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mo gbà á padà." Àlùfáà ní kí n rò ó wò nítorí ipò mi. Mo ti fi ipò náà sí ọwọ́ rẹ̀.

N kò sọ èyí kí o lè wá, n kò sì sọ ọ́ kí o lè dárí jì mí. Ẹni tí ìdáríjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ, ó sì lọ pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. O béèrè, mo sì ti dáhùn.

Kí Ọlọ́run bo orí ìwọ àti ọkọ rẹ, kí ó ka oṣù rẹ pé, kí ó gbọ́ ohùn ìwọ àti ohùn ọmọ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Kí ó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rìn láàárín yín, kí ẹni tó bá sunkún nínú ilé yín rí ẹni tí yóò bi í pé, "Kí ló dé?", kí ẹni tó béèrè sì ní sùúrù títí yóò fi gbọ́ ìdáhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.